Ẹ Bi Ìyá Alámọ̀: Fídíò wo ni kí n fi han àwọn ọmọ kíláàsì mi?

*Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Tíṣà iṣẹ́ ọnà ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní agbègbè Ìkẹ́nnẹ́-Rẹ́mọ. Ọmọ SS1 mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mò ń kọ́ níṣẹ́ amọ̀ ní táàmù yìí. Bí mo bá ti dárúkọ ìkòkò báyìí, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń bú sí. Wọ́n ní iṣẹ́ àwọn ìyá arúgbó ni, pé ta ló tún ń fi ìkòkò sebẹ̀ láyé òde òní. Ọ̀kan tilẹ̀ sọ fún mi pé òun ò lè jẹ́ kí amọ̀ wọ èékánná òun. Mo rò pé tí mo bá fi fídíò tó dáa hàn wọ́n, ojú wọn á là. Àmọ́ ìgbà tí mo wọ YouTube, ó pọ̀ débi pé n ò mọ èyí tí mo máa mú. Mo ní lapítọ́ọ̀pù kan, wọ́n lè yá mi ní projẹ́tọ̀, ṣùgbọ́n iná ò ṣeé gbọ́kàn lé. Ẹ jọ̀ọ́, fídíò wo ni kí n fi hàn wọ́n?*
— Tíṣà iṣẹ́ ọnà, Rẹ́mọ

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú sùúrù ọmọ ọlọ́mọ. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ níṣẹ́ amọ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì sí Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Ẹ̀rín tí ẹ ń sọ yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Àwọn ọmọ yẹn ò tíì rí ẹni tó ń mọ ìkòkò rí ni. Ìkòkò tó ti jinná, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí aláǹtakùn ti takùn sí, òun nìkan ni wọ́n mọ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ń wá fídíò, ẹ má wá èyí tó ń fi ìkòkò rèǹtèrente hàn. Èyí tó ń fi ọwọ́ hàn ni kí ẹ wá. Fídíò tí wọ́n kàn ń yí ìkòkò dídán sọ́tùn-ún sósì, tí orin ń dún lábẹ́ rẹ̀, ẹ fò ó kọjá. Ọmọ á ní ó rẹwà, ó parí náà nìyẹn. Kò ní dìde lọ fọwọ́ kan amọ̀.

Mo ti ṣe àṣìṣe kan rí tí mi ò fẹ́ kí ẹ ṣe. Ó tó ogún ọdún sẹ́yìn, ní ilé-ẹ̀kọ́ tí mo wà nígbà náà. Mo yá tẹlifíṣọ̀n, mo fi owó ara mi ra epo sí jẹnẹrétọ̀, mo sì fi fíìmù oníwákàtí kan han àwọn ọmọ SS2. Bàbá kan ló ń ṣàlàyé nínú rẹ̀, àlàyé náà ò sì lópin. Kó tó pé ogún ìṣẹ́jú, ìdajì kíláàsì ti gbórí lé tábìlì. Ìgbà tó wá ku díẹ̀ kí wọ́n ṣí ààrò tí wọ́n fi sun ìkòkò, ibi tí mo ti ń retí láti àárọ̀ kí àwọn ọmọ mi rí i, epo tán. Ẹkún ló kù kí n sun. Láti ọjọ́ náà, n kì í fi ju ìṣẹ́jú méje sí mẹ́jọ hàn lẹ́ẹ̀kan, amọ̀ pípò á sì ti wà níwájú ọmọ kọ̀ọ̀kan kí fídíò tó bẹ̀rẹ̀. Bí fídíò bá ti parí, ọwọ́ bọ amọ̀. Kò sí àlàyé kankan láàárín.

Ẹ wá gbọ́ bí mo ṣe máa ń tò wọ́n.

Láti inú àpò àwọn ọmọ gan-an ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí ẹni tó bá ní ogún náírà mú un jáde, kó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń mọ ìkòkò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ná owó yẹn láìmọye ìgbà láì bi ara wọn pé ta ni. Ladi Kwali ni. Ọmọ Gbagyi ni, abúlé Kwali ni wọ́n ti bí i ní nǹkan bí ọdún 1925, Kwali náà sì ti wà lábẹ́ Abuja olú-ìlú wa lónìí. Ladi ni àwọn Hausa ń pe ọmọbìnrin tí wọ́n bí lọ́jọ́ Àìkú. Láti kékeré ni àǹtí rẹ̀ ti kọ́ ọ níṣẹ́ ìkòkò. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dáa débi pé ó wà láàfin Ẹ́míà Abuja, ibẹ̀ sì ni òyìnbó amọ̀kòkò kan, Michael Cardew, ti rí i. Cardew yìí ló dá ibi ìkọ́ṣẹ́ amọ̀ sílẹ̀ ní Abuja àtijọ́, èyí tí à ń pè ní Suleja báyìí, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Ladi Kwali dara pọ̀ mọ́ wọn ní 1954, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ó bá iṣẹ́ yìí dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó bá a dé Amẹ́ríkà ní 1972, ó ń mọ ìkòkò lójú àwọn òyìnbó, wọ́n ń lanu. Ní 1977, Yunifásítì Ahmadu Bello fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé. Obìnrin tí kò lọ sílé ìwé! Ọdún 1984 ló papò dà. Ẹ sọ ìtàn yìí fún wọn tí owó náà ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Ẹ wá fi ọwọ́ rẹ̀ hàn wọ́n. Bí ẹ bá tẹ orúkọ rẹ̀ sórí YouTube, ẹ máa rí i. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má kọ́kọ́ wo ìkòkò, ẹsẹ̀ ni kí wọ́n wò. Ìkòkò ńlá tó ń mọ dúró sójú kan. Òun ló ń tẹ̀ yípo rẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n rò pé láìsí kẹ̀kẹ́ amọ̀kòkò tó ń yí kò sí iṣẹ́ amọ̀, ibí yìí ni ojú wọn ti máa ń là. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n wo bó ṣe ń fín alángbá, ejò àti ọ̀nì sára ìkòkò tútù, tí kò ya àwòrán kankan sílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo fẹ́ràn ẹsẹ̀ yẹn nítorí ìyá ìyá mi. Ní abúlé wa lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó, ó máa ń da ìdí ìkòkò àtijọ́ kan dé sílẹ̀, á wọ́n eérú sí i kí amọ̀ má bàa lẹ̀ mọ́ ọn, á wá lu amọ̀ pẹlẹbẹ lé e lórí títí yóò fi rí bí igbá. Bó bá le díẹ̀, á ṣí i kúrò, á dá a dúró, á máa yí amọ̀ bí okùn, á máa tò ó lé etí rẹ̀. Ọwọ́ òsì á wà nínú, ọwọ́ ọ̀tún á wà níta, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á máa fẹ̀yìn rìn yí ìkòkò ká. Tó bá wá kan etí ìkòkò, á ṣẹ́ ewé tútù kan po, á fi há etí náà láàárín ìka méjì, á sì yí i po lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìdúró. Nígbà mìíràn, inú ilé ni mo máa ń wà, n kì í rí i, ṣùgbọ́n mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ náà bá ti yára báyìí, mo ti mọ̀ pé ìkòkò kan ti parí nìyẹn. Mo ń ka ìkòkò lójúmọ́ pẹ̀lú ìró ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ ò rí i, bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá kan ṣe ń ṣe é ní Amẹ́ríkà, tí kò sì mọ Ìjẹ̀bú. Maria Martinez lorúkọ rẹ̀, láti San Ildefonso ní New Mexico. Ọmọ onílẹ̀ ni, kì í ṣe òyìnbó. Wọ́n bí i ní 1887, ó kú ní 1980. Òun náà kò lo kẹ̀kẹ́. Inú àwo pẹlẹbẹ kan ló máa ń gbé ìdí ìkòkò lé, ó ń to okùn amọ̀ lé e lórí, ó sì ń fi ọta odò ra ara ìkòkò náà títí yóò fi máa dán bíi dígí. Ọkọ rẹ̀, Julian, ló máa ń ya àwòrán sí i. Ìjọba Amẹ́ríkà ya fíìmù kan nípa rẹ̀ ní 1972, ó sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibi tí kí ẹ ti dá fíìmù náà dúró ni ibi iná. Bí iná ṣe ń jó geere lọ́wọ́, wọ́n á da ìgbẹ́ ẹran gbígbẹ lílọ̀ bò ó, èéfín á sé mọ́bẹ̀. Ìkòkò tó pupa nígbà tó wọ iná á jáde ní dúdú kirikiri. Ẹ bi àwọn ọmọ pé: ta ló kùn ún? Ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn. Kò sẹ́ni tó kùn ún. Afẹ́fẹ́ ni kò rí ọ̀nà wọlé, èéfín wá wọ inú amọ̀ lọ.

Bí wọ́n bá ti mọ ìyẹn, ẹ bọ́ sórí Magdalene Odundo. Ọmọ Kẹ́ńyà ni, wọ́n bí i ní 1950, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń gbé. Àwọn ọmọbìnrin kíláàsì yín gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Ní àárín àwọn ọdún 1970 ó wá sí Nàìjíríà, sí ibi ìkọ́ṣẹ́ Abuja yẹn, ó sì kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ Ladi Kwali fúnra rẹ̀. Ìkòkò rẹ̀ dà bí obìnrin tó dúró, tó ní ọrùn gígùn, tó ní ikùn. Ọwọ́ ló fi ń mọ gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ wà ní British Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì fi oyè Dame, oyè ńlá kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá a lọ́lá ní 2020. Èyí tó pupa lára iṣẹ́ rẹ̀ rí afẹ́fẹ́ nínú iná, èyí tó dúdú kò rí i. Ọgbọ́n kan náà ni pẹ̀lú ti Maria. Mo ti rí ọmọbìnrin kan tó dákẹ́ fún odidi ọjọ́ kan lẹ́yìn tó rí ìkòkò Odundo, tó wá sọ fún mi lọ́jọ́ kejì pé, "Mà, ìyá ìyá tèmi náà ní ìkòkò tó ní ọrùn bẹ́ẹ̀." Orù omi ni. Ó gbé e wá sí kíláàsì, a tò ó sórí tábìlì.

Ẹ̀yìn èyí ni kí ẹ tó mú kẹ̀kẹ́ wọlé. Ẹ máa rí ẹgbẹ̀rún fídíò kẹ̀kẹ́. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni fíìmù aláwọ̀ dúdú-àti-funfun kan tí John Anderson yà ní 1965 nípa bàbá kan tó ń jẹ́ Isaac Button, ní Soil Hill nítòsí Halifax, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá yìí dá nìkan ṣe é ni. Òun ló ń wa amọ̀, òun ló ń sẹ́ ẹ, òun ló ń mọ ọ́n, òun ló ń to ààrò, òun ló ń dáná sí i. Wọ́n ní ó lè sọ tọ́ọ̀nù amọ̀ kan di ìkòkò lóòjọ́ kan. Ìkòkò á kàn gbéra lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ó ti wà nínú amọ̀ tẹ́lẹ̀, á gé e, á gbé e kúrò, á gbé òmíràn lé e. Ẹ fi í hàn láìsí ohùn kankan. Ẹ sì bi wọ́n ní ìbéèrè kan péré: ọwọ́ wo ló wà nínú, ọwọ́ wo ló wà níta, èwo ló ń tì, èwo ló ń gbà? Ọmọ tó bá lè dáhùn ìyẹn ti kọ́ ìdajì iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ kó tó débẹ̀.

Fún àwọn tó ń sọ pé iṣẹ́ ìyá arúgbó ni, ẹ fi fídíò Ai Weiwei, oníṣẹ́ ọnà ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà, hàn wọ́n. Ní 2010 ó da nǹkan bí 100 mílíọ̀nù hóró èso sunflower sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn Tate Modern, ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà ní Lọ́ńdọ̀nù. Amọ̀ funfun ni gbogbo wọn, ọwọ́ ni wọ́n fi ya ìlà dúdú sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ènìyàn bí 1,600 ló ṣe é ní Jingdezhen, ìlú tí iṣẹ́ amọ̀ funfun ti gbajúgbajà láti ayébáyé. Fídíò náà fi àwọn ìyá hàn tí wọ́n jókòó nílé wọn, tí wọ́n ń kun hóró bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Àwọn ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu ṣírò: ọ̀kan, ẹgbẹ̀rún, mílíọ̀nù. Ẹ sì sọ èyí fún wọn pẹ̀lú: wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn òǹwòran rìn lórí hóró náà, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ wọ́n dá a dúró nítorí eruku rẹ̀. Eruku amọ̀ gbígbẹ kì í ṣe nǹkan eré, ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Tíṣà, ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan fi ìgbálẹ̀ gbá yàrá amọ̀ ní gbígbẹ. Aṣọ tútù ni kí wọ́n fi nù ún. Mo ń bẹ̀ yín.

Àwọn ọmọ á béèrè ìdíje amọ̀ orí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, The Great Pottery Throw Down, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015. Ó dùn ún wò, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ rẹ̀ sì máa ń sunkún bí iṣẹ́ ẹnìkan bá wú u lórí. Ẹ fún wọn ní díẹ̀. Àmọ́ aago ló ń lé wọn nínú rẹ̀, amọ̀ kì í sì í fẹ́ kí a fi aago lé òun.

Ohun kan wà tí àwọn tíṣà kì í fi hàn: ìkòkò tó wó. Ẹ wá a. Ó pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn amọ̀kòkò tó mọṣẹ́ gan-an máa ń gbé e síbẹ̀: ìkòkò tó ga tó tẹ̀ dànù lórí kẹ̀kẹ́, ààrò tí wọ́n ṣí tí gbogbo nǹkan inú rẹ̀ ti là. Ẹ dá fídíò dúró ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣáájú ìgbà tó wó, kí ẹ ní kí wọ́n wá ibi tí ẹ̀bi wà. Amọ̀ tí omi ti pọ̀ jù nínú rẹ̀ máa ń gbọ̀n kó tó wó. Ògiri rẹ̀ á fẹ́lẹ́ jù nísàlẹ̀, òkè á wúwo. Ọmọ tó bá ti rí ọ̀gá tí ìkòkò rẹ̀ wó, tó tún amọ̀ náà pò, tó tún bẹ̀rẹ̀, kò ní sunkún jù bí tirẹ̀ bá wó.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná: ẹ gba fídíò sílẹ̀ sórí lapítọ́ọ̀pù lóru tí dátà pọ́ọ́kú, ẹ gé e sí kéékèèké, ẹ sì gbà á sórí fóònù márùn-ún. Bí NEPA bá mú iná lọ, ẹ pín mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n sí ìṣọ̀wọ́ márùn-ún, kí ìṣọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan gba fóònù kan. Ó tilẹ̀ dára ju projẹ́tọ̀ lọ, nítorí wọ́n á forí korí, wọ́n á máa jà lórí ohun tí wọ́n rí.

Iṣẹ́ ọwọ́ àkọ́kọ́ ńkọ́? Ṣùkù àgbàdo. Ẹ ní kí wọ́n jẹ àgbàdo, kí wọ́n sá ṣùkù náà gbẹ, kí wọ́n mú un wá. Bí wọ́n bá yí i lórí amọ̀ tútù báyìí, àmì rẹ̀ á jáde ní ìlà-ìlà tó lẹ́wà. Àwọn ìyá wa ti ń ṣe é tipẹ́. Kódà àwọn awalẹ̀pìtàn ń fi í mọ ọjọ́ orí ilẹ̀: Amẹ́ríkà ni àgbàdo ti wá, kò sì lè dé ọ̀dọ̀ wa ṣáájú kí ọkọ̀ òyìnbó tó débẹ̀ ní 1492, nítorí náà, bí wọ́n bá wa àpáàdì tó ní àmì ṣùkù nílẹ̀ Yorùbá, wọ́n ti mọ̀ pé ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n mọ ọ́n. Mo ti rí ọmọkùnrin oníjàgídíjàgan kan tó jókòó jẹ́ẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ yìí nìkan. Ó ní, "Ṣé ẹnìkan lè wá wú tèmi náà lẹ́yìn ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin.

Fídíò tó máa gbẹ̀yìn, àwọn ọmọ yín ni kó yà á. Ẹ wádìí ìyá kan tó ṣì ń mọ ìkòkò, tàbí tó mọ ọ́n nígbà ọmọdé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìkòkò lọ́jà pé níbo ni wọ́n ti ń rà á. Ẹ lọ bẹ ìyá náà kí ọjọ́ tó pé, ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo, ẹ bi í bóyá ó fẹ́ kí ojú òun hàn tàbí ọwọ́ òun nìkan. Bí ẹ kò bá rí amọ̀kòkò, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ bi ìyá àgbà rẹ̀ nípa àmù, orù, ìṣaasùn, ajere, àti agbada amọ̀ tí wọ́n fi ń yan gaàrí kí ti onírin tó gbòde. Ẹni tó ti jẹ ìkọ́kọrẹ́ tí wọ́n sè nínú ìkòkò amọ̀ rí á sọ fún wọn bó ṣe rí lẹ́nu. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ti tó. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá fi fídíò yẹn hàn ní kíláàsì, ẹ wo ẹni tó máa rẹ́rìn-ín.

*Ẹ káàárọ̀ Mà. Ọmọ SS2 ni mí ní Ìpẹrù. Mo mọ orí ènìyàn kan, ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ṣe é, gbogbo ènìyàn ló ń yìn ín. Ọjọ́ kẹta tí mo parí rẹ̀ la sun ún. Ó bú gbàmù nínú iná bí ìbọn, ó sì fọ́ ìkòkò àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì. Àwọn kan ní ọwọ́ mi ò dáa. Mo fẹ́ fi iṣẹ́ amọ̀ sílẹ̀.*

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ọwọ́ rẹ dáa. Omi ló ṣe é.

Ọjọ́ mẹ́ta ò tó. Òde orí náà ti gbẹ, inú rẹ̀ ṣì tutù. Omi tó bá gbóná dé 100°C á di ooru, ooru náà á sì fẹ́ ààyè tó ju ìlọ́po 1,600 ti omi tẹ́lẹ̀ lọ. Bí amọ̀ bá nípọn, kò rí ọ̀nà jáde kíákíá, ló bá fi ipá là á. Èyí ló dún bí ìbọn.

Mo sì lérò pé odindi ni o mọ orí náà, inú rẹ̀ ò ṣófo. Lọ wo fídíò tàbí àwòrán àwọn orí amọ̀ Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ṣófo nínú. Bí o bá mọ tìrẹ tán, gé e sí méjì nígbà tó bá le díẹ̀, fi ṣíbí gbẹ́ inú rẹ̀ títí yóò fi nípọn bí ìka kan, fi amọ̀ tó rọ̀ lẹ̀ ẹ́ padà, kí o sì dá ihò kékeré sí i níbi tí kò ní hàn. Gbé e sí ibi òjìji fún ọ̀sẹ̀ méjì, bí ọ̀rinrin òjò bá wà kó jù bẹ́ẹ̀. Kó tó wọ iná, gbé e kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ. Bó bá tutù sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, omi ṣì wà níbẹ̀, dá a padà. Bí ẹ bá ń sun ún, ẹ kọ́kọ́ to ẹyín iná yí i ká, kó máa yá gágá fún wákàtí díẹ̀ kí ẹ tó fi igi kún un. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni kó máa gbóná.

Má da àfọ́kù náà nù. Wọ́n omi sí i kí eruku má bàa sọ, gún un, sẹ́ ẹ, kí o pò ó mọ́ amọ̀ tuntun. Èérún àpáàdì máa ń jẹ́ kí amọ̀ mí, kì í jẹ́ kó là. Orí tó fọ́ yẹn á wà nínú orí tí o máa mọ tẹ̀lé e. Sì bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ méjèèjì mọ nǹkan mìíràn, kí o sọ fún wọn pé èmi ni mo ní kí o ṣe bẹ́ẹ̀.

*Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọkùnrin mi ń wo fídíò ìkòkò tọ̀sán-tòru lórí fóònù. Ó wá ní iṣẹ́ amọ̀ lòun fẹ́ kà ní yunifásítì. Ṣé oúnjẹ wà níbẹ̀?*
— Bàbá kan, Ìjẹ̀bú-Igbó

Bàbá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ó wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀ tó sì mọṣẹ́. Táìlì tí ẹ tẹ́ sílé, àwo tí ẹ fi ń jẹun, àwo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, agolo funfun tí wáyà iná mànàmáná gbà kọjá lórí òpó, iṣẹ́ amọ̀ ni gbogbo wọn. Ó lè kà á ní Yaba College of Technology, ní FUTA ní Àkúrẹ́, ní Ahmadu Bello ní Zaria, tàbí ní Nsukka. Ẹ jẹ́ kó mú kẹ́mísírì dání, torí kẹ́mísírì ni ohun tó ń dán bíi dígí lára àwo.

Àmọ́ wíwò nìkan ò tó láti mọ̀ bóyá ó fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ ní kó mọ ìkòkò omi kan, kó wá ibi tó ti máa sun ún, kó sì gbé e wá fún yín. Ẹ gbá a ní ìka: bó bá dún gban-an, ó jinná, bó bá dún bọ̀, ó ti là níbì kan. Ẹ má bínú bó bá kọ́kọ́ ń jò. Ẹ gbé omi ògì gbígbóná sínú rẹ̀ mọ́jú, ẹ dà á nù láàárọ̀, ògì náà á ti dí ojú ihò rẹ̀. Kí ẹ wá pọn omi sí i, kí ẹ gbé e sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí ẹ̀yin àti ọmọ yín jọ mu nínú rẹ̀ lọ́sàn-án.